Géètì Tí Mo Tì Pa Ní Àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ìrètí-Ayọ̀,
Ìdímù, Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Akínbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Iléṣà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le, ọkàn mi náà sì ti balẹ̀ báyìí. Ká ní o rí mi lóṣù tó kọjá, àánú mi ì bá ṣe ọ́.

O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí èrò bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń ti géètì àdúgbò pa nítorí olè, ẹnu ọ̀nà kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lèèyàn lè gbà. Mo tì í lọ́jọ́ náà, mo padà sílé wọ sùtánà mi, mo gba ilé àdúrà lọ láìwọ bàtà. Sùtánà wa kò kúkú lápò. Kọ́kọ́rọ́ àti fóònù wà nínú ṣòkòtò tí mo bọ́ sílé!

Àṣé Báyọ̀dé, aládùúgbò wa, ti ṣubú lulẹ̀, kò lè mí dáadáa. Miriam ìyàwó rẹ̀ pe áńbúláǹsì, wọ́n sì tètè dé, àmọ́ géètì kò ṣí. Wọ́n pè mí títí, pàbó. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kó kú. Ha! 

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé lọ́yà Miriam dé. Ó ní ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ tó wá gba ẹ̀mí là lè jẹ́jọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àwọn onílé tí a jọ pinnu pé ká máa tì í wá ń sọ pé ọwọ́ akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ wà jàre. Inú bí mi, àmọ́ wọn ò parọ́ ṣá. Èmi ni mo tì í.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún tọkọtaya náà. Miriam kò bú mi, kò sì ní kí n dìde. Ó ní òun kò fẹ́ owó, òun kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, kí gbogbo onílé fọwọ́ sí ìwé pé a kò ní ti géètì lójúmọmọ mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù yá. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo wá ń wọ ojúlé dé ojúlé, mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ń bá wọn jà, títí gbogbo wọn fi fọwọ́ sí i.

Mo gbé e lọ lánàá. Báyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Miriam ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó gbé omi tútù jáde. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Ṣeun." Akínbọ́lá, omijé bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Olúwaníyì