Ọjọ́ Tí A Yin Rọ́kẹ́ẹ̀tì Oníke

Jenfeld, Hamburg
Oṣù Karùn-ún, 2006

Àǹtí Ọládùnní mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo kí bọ̀ọ̀dá àtàwọn ọmọ ní Kreuzberg, ní Berlin. Orúnkún mi ti ń sàn, wọ́n sì ti mú mi kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́ ní Harburg.

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ bá Ọ̀rẹ́olúwa àti kíláàsì rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ike omi ṣe. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì fò. Èmi rọmi kún tiwa dẹ́nu. Kò ga tó mi tó fi ṣubú, ó sì rẹ ṣòkòtò mi. Ọmọ yín rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin àbúrò yín, ìyá rẹ̀, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

"Papa, omi yẹn ti pọ̀ jù. Noch mal."

A dín omi kù, a tún un ṣe bó ṣe wí, ó sì fò kọjá òrùlé ilé alájà mẹ́rin. Ó dì mọ́ mi: "Ṣé ẹ máa wá ní Donnerstag tó ń bọ̀?"

Ọjọ́bọ̀ ló ń wí, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀ ni ẹ fẹ́ wá mú un lọ sí Berlin.

Èmi ni mo bẹ̀ yín níbi ìsìnkú pé kí ẹ bá mi tọ́ ọ. Mo rò pé èmi nìkan ò ní lè ṣe é. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, kó máa wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín.

Olúwa á dá a sí fún wa. Mi ò tíì sọ fún un pé ó ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àna yín,
Akínlolú