Igi Tìróò Kan fún Gbogbo Ojú

Èmi ni mo kó àrùn ojú wọ ilé wa, ẹlòmíràn ni wọ́n sì fẹ́ lé jáde nítorí rẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní orúkọ. Ìwó ni mo wà, ó tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀wé kà nínú ilé wa, ìdí nìyẹn tí mo fi láyà láti kọ èyí.

Mo ti lé ní ogójì ọdún, èmi sì ni ìyàwó kejì nínú mẹ́ta. Ní èwe mi, mo lo ọdún mẹ́rin ní ilé ìwé àwọn oníhìnrere. Láràárọ̀ ni tísà wa máa ń yẹ ojú wa wò. Ó ní kí olúkúlùkù bu omi tirẹ̀, kí ó dà á sí ọwọ́ kí ó fi bọ́jú, kí a má jọ bọ́jú nínú igbá kan náà, kí a má fi aṣọ ẹlòmíràn nujú, kí a máa lé eṣinṣin, kí a má fi ọwọ́ tí a fi lọ ata ra ojú. Mo mọ gbogbo rẹ̀! Kí ni mo wá fi ṣe?

Ní ilé wa, ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ ọjà, ìyáálé wa máa ń to ìyàwó àti ọmọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lé tìróò fún wa. Ìyá ọkọ wa ló fi tìróò náà lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fi ń lé e. Yóò fi ahọ́n lá igi náà, yóò tì í bọ inú àpò awọ tí tìróò wà, yóò fà á sí mi lójú, yóò tún lá a, yóò fà á sí ojú ẹni tó tẹ̀ lé mi... igi kan, ojú mẹ́rìndínlógún! Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ó ti sọ pé òun kò fẹ́ ire ilé nìyẹn. Mo kọ̀ ọ́ rí, ní ọdún tí mo wọlé. Gbogbo agboolé ló gbọ́ ohùn ìyáálé wa: "Alákọ̀wé! Ṣé ìwé ló bọ́jú fún ìyá tó bí ọ? Wá kúnlẹ̀ jàre!" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, mo sì kúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kúnlẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ilé-Ogbó. Ojú ń dun àwọn ọmọ rẹ̀, ó pọ́n, ìpin sì dí i. Mo fi ìborùn mi nù wọ́n lójú. Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, mo fi ìborùn yẹn kan náà nu eruku ojú mi... mo gbàgbé ni, àbí n kò bìkítà? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, mo jí, ìpin ti lẹ ìpéǹpéjú mi pọ̀. Mo mọ ohun tó jẹ́! Mo fi omi ṣí i, mo sì lọ kúnlẹ̀ sí ipò mi, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n tún fi mí rẹ́rìn-ín. Igi náà kan ojú mi, ó kan ojú ìyàwó kékeré tí n ó pè ní Àṣàkẹ́ níhìn-ín, ó kan ojú Àbẹ̀ní, ọmọ ọmọ ìyáálé wa, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Kí ọjà tó tún pé, gbogbo ilé ti ń sunkún. Ìyáálé wa gún ewé pọ̀ mọ́ atare, ó ń kán an sí wa lójú, a ń ké bí ẹni tí iná ń jó. Mo pe Àṣàkẹ́ sí kọ̀rọ̀. Mo ní bí wọ́n bá ti kán an tán, kí ó sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó fi omi tó ti sè tó sì ti tutù ṣàn án, kí ó fi aṣọ mímọ́ tirẹ̀ nìkan nù ún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n ṣe é. Ojú yòókù nínú ilé sàn díẹ̀díẹ̀. Ojú òsì mi fọ́. Ojú Àbẹ̀ní fọ́ méjèèjì. Ti Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ mọ́, ó mọ́ gaara.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ! Ẹnìkan rí i ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń da omi sójú ní òun nìkan, ni wọ́n bá ní ojú Àbẹ̀ní ló fi ra ojú tirẹ̀ padà. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Ìyáálé wa tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán atare sí ọmọ lójú ló ń pariwo jù! Bí ọkọ wa bá ti Èkó dé ní ìparí oṣù, wọ́n ó dá Àṣàkẹ́ padà sí Olúpọ̀nnà, wọ́n ó sì gba ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ ní omi yẹn. Ó wò mí... ó ní kò sí ẹnìkan. Títí di òní kò dárúkọ mi! Ìbá jẹ́ pé ó dárúkọ mi, ǹ bá rí ẹlòmíràn bínú sí yàtọ̀ sí ara mi.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n ó ní èmi ni mo fọ́ ọmọ lójú. Ṣé irọ́ ni wọ́n ó pa? N kò bímọ sí ilé yìí, àwọn òbí mi ti kú. Ta ni yóò gba obìnrin olójú kan sílé? Bí mo bá sì dákẹ́ ńkọ́?

Àná ni ọjọ́ ọjà. Igi yẹn kan náà ni. Wọn kò jẹ́ kí Àṣàkẹ́ sún mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyáálé wa lá igi, mo kúnlẹ̀, mo sì gbé ojú kan tó kù fún mi sókè fún un... èmi, tí mo mọ̀! Àbẹ̀ní ló kúnlẹ̀ tẹ̀ lé mi. Wọ́n lé tìróò fún un, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó yẹ òun.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí kí n dìde sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí? Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọmọ ọwọ́ Àṣàkẹ́ kò tíì já lẹ́nu ọmú, ìparí oṣù kò sì jìnnà mọ́.