Ìyá Tí Mo Pọ̀n Lórí Yìnyín

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni, ní Dallas. Ẹ bá mi kí Láńre àbúrò mi, ẹ bá mi kí ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ará ilé. Kúnlé ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín. Mo ti ní kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ wa níhìn-ín tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí àwọn mìíràn tó fi ilé sílẹ̀ bíi tiwa lè kà á. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé òun ti ka ọ̀rọ̀ wa, ẹ má bínú. Láńre ni yóò ka tiyín sí yín létí. Kó rọra kà á o, kó má fo ibì kankan.

Nígbà tí ẹ pè mí, ẹ ní ẹ gbọ́ lórí rédíò pé òtútù ń da àwọn ará Amẹ́ríkà láàmú, mo sì dá yín lóhùn pé ara wa le. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n n kò ròyìn ohun tí ojú wa rí lọ́sẹ̀ náà fún yín tán, torí mo mọ̀ yín, oorun ò ní kùn yín mọ́. Ní báyìí tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀, ẹ jókòó dáadáa kí n rò ó.

Màámi, ojú ọjọ́ ìlú yìí kò ṣeé fọkàn tán. Lọ́jọ́ Àìkú tí ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, oòrùn ràn débi pé aṣọ tí kò lápá ni mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, a dúró síta, à ń jẹ àkàrà, àwọn ọmọdé ń sáré kiri lórí koríko láìwọ bàtà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ síbi iṣẹ́ láìmú kóòtù dání. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ìgbà tí mo máa fi jáde lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ kan ti gbéra láti ìhà àríwá, ó ń fẹ́ bí ẹni tí inú ń bí. Kí n tó dé ìdí mọ́tò, eyín mi ti ń gbá ara wọn. Kúnlé fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo délé, ó ní ṣé odindi nọ́ọ̀sì ò lè wo fóònù kó mọ bí ọjọ́ ṣe máa rí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ohun tí fóònù bá sọ ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wínníwínní, bó sì ṣe ń kan ilẹ̀ ló ń di yìnyín. Kì í ṣe yìnyín funfun tó máa ń rí bí òwú nínú fíìmù o. Eléyìí dà bíi gíláàsì. Ẹ ò ní rí i títí yóò fi gbé yín ṣánlẹ̀. Ó bo igi, ó bo wáyà iná, ó bo gbogbo ojú títì. Ní àwọn ìlú tó wà lápá òkè lọ́hùn-ún, irú rẹ̀ ti mọ́ wọn lára, ṣùgbọ́n ooru ni wọ́n kọ́ ilé ibí fún. Àwọn èèyàn ya lọ sí ọjà, wọ́n ra búrẹ́dì àti mílíìkì títí orí igbá fi mọ́. Èmi gbọ̀nà ilé ìtajà obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan, mo ra gàrí. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ kó máa kán, kí páìpù má bàa dì kó sì bẹ́. Ni gbogbo ilé wa bá ń dún tó, tó, tó.

Ọjọ́rú ni Kúnlé ní òun fẹ́ lọ wo bí mọ́tò ṣe rí. Òkè ni a ń gbé nínú àpátímẹ́ǹtì wa ní Pleasant Grove, ìta sì ni àtẹ̀gùn wa wà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, ìdí ló fi sọ ìyókù kalẹ̀. Màámi, mo ké pe Jésù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ohun tó ń bi mí láti ìsàlẹ̀ ni pé ṣé kò sẹ́ni tó rí òun, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. Egungun rẹ̀ kò ṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìbàdí rẹ̀ ló wú. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo fi wọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn náà ni ẹ̀ka igi ńlá kan ya lu wáyà lẹ́yìn ilé wa, iná sì lọ ní gbogbo àdúgbò. Iná ló ń mú ilé gbóná níhìn-ín. Kò pẹ́ tí òtútù fi wọlé tọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìyá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Ofélíà ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò ni, ó ti darúgbó, òun nìkan ló sì ń gbé ilé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, èmi náà ò sì gbọ́ èdè tirẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé, mo máa ń tẹ orúnkún kí i láàárọ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó kọ́kọ́ rò pé nǹkan mi ló já bọ́ tí mo ń ṣà. Nígbà tó wá yé e pé òun ni mò ń kí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé mi lórí, yóò máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo mọ̀ pé àdúrà ni, mo sì máa ń ṣe àmín. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dára mọ́. Ẹ̀rọ kan ló máa ń fún un ní afẹ́fẹ́ tó ń mí, láti inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nímú rẹ̀, iná sì ni ẹ̀rọ náà ń lò.

Bí iná ṣe lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn mi lọ. Mo bá a pẹ̀lú agolo irin tí wọ́n rọ afẹ́fẹ́ sí fún irú ọjọ́ báyìí. Ó fọwọ́ júwe fún mi pé kò séwu. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo padà lọ wò ó, ó ti wà lórí agolo tó kẹ́yìn, ọwọ́ aago ara rẹ̀ tó ń sọ ohun tó kù nínú rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn tó máa ń kó òmíràn wá kò lè rìn lójú yìnyín. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀, Màámi, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo pe àwọn alámbúláǹsì. Obìnrin tó gbé fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àánú, ó ní wọ́n máa wá, ṣùgbọ́n jàǹbá ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, òun ò lè sọ ìgbà tí wọ́n máa dé. Ó ní bí ilé àwọn panápaná bá wà nítòsí, tí a sì lè gbé ìyá débẹ̀, kí a má dúró. Rósà, ọmọ ìyá náà, ń gbé ní Little Elm, ọ̀nà jìn. Ó ń sunkún lórí fóònù, ó ní òun jáde, mọ́tò òun yí po bí òkòtó, àwọn ọlọ́pàá sì dá òun padà. Ó bẹ̀ mí pé kí n ṣe ìyá òun bí ìyá mi.

Ilé àwọn panápaná wà ní ìparí òpópónà wa, lẹ́yìn ilé epo. Ọjọ́ tó bá dáa, ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ yóò débẹ̀ láìpẹ́. A gbé ìyá sínú mọ́tò. Mọ́tò kò tíì kúrò nínú ọgbà tó fi yọ̀ lọ forí sọ òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. A tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kúnlé ní kí òun gbé e, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò lè nàró, báwo ni yóò ṣe gbé èèyàn? Mo wo ìyá náà. Kò ju egungun àti aṣọ lọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó rò pé mò ń gbàdúrà ni, òun náà bá di ojú. Kúnlé ló lu ẹ̀yìn mi pẹ́pẹ́ láti fi hàn án pé ibẹ̀ ni kó gùn. Ó mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ mi lọ́rùn.

Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo fi ìró mi ṣe ọjà pọ̀n ọ́n, mo sì dì í pinpin. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sórí bàtà, kí ẹsẹ̀ mi má bàa yọ̀. Kúnlé gbé agolo afẹ́fẹ́ mọ́ àyà, ó ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rọ́bà imú ìyá ló so wá pọ̀. Bí mo bá yára, a ó fà á já. Bí òun bá dúró, gbogbo wa dúró. À ń gba orí koríko lọ torí pé ó ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, kì í yọ̀ bíi títì. Ìyá ń gbàdúrà sí mi létí ní èdè tirẹ̀. Èmi ń ṣe àmín. Kúnlé ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ẹni tó bá rí wa yóò rò pé ìsọjí la ń ṣe.

Nígbà tí a dé ilé epo, kò sí koríko mọ́. A ní láti gba orí yìnyín. Mo ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ku díẹ̀ kí n dá a kọjá ni ẹsẹ̀ mi ọ̀tún lọ. Orúnkún mi gba ilẹ̀ kọ́ọ́. Ìrora náà wọ ọpọlọ mi lọ, ṣùgbọ́n mi ò ṣubú tán. Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo gbọ́ bó ṣe ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀. N kò lè dìde, Kúnlé ò sì lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn, Màámi, mi ò ní purọ́ fún yín. Kúnlé bá fi ohùn tó ń lò nínú ẹgbẹ́ akọrin ké sí àwọn panápaná. Ohùn tí mo máa ń ní kó rọra lò! Wọ́n gbọ́ ọ. Ọkùnrin méjì sáré jáde, wọ́n da iyanrìn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ tú ìyá kúrò lẹ́yìn mi, kò jẹ́ kí wọ́n tú òun. Bí wọ́n ṣe gbé mi dìde tòun tìyá nìyẹn, wọ́n sì mú wa dé inú ilé wọn níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ni ètè rẹ̀ padà sí àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n bu kọfí fún wa, wọ́n wé orúnkún mi. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ó sì sùn lọ. Ìgbà yẹn ni ẹkún gbé mi. Kúnlé rò pé orúnkún ló ń dùn mí. Mo ní rárá, Màámi ni mo rántí. Mo rántí òjò ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹ yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí ìyàwó Láńre gbé yín lọ sídìí ọ̀kadà, tó sì dì yín mú títí dé ọsibítù. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún mi títí ẹ fi padà délé. Lórí fóònù ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, n kò mọ bí iṣẹ́ tó ṣe ti wúwo tó. Ẹ̀yìn mi ti wá mọ̀ ọ́n. Ìyàwó wa, ẹ ṣé o. Bí ẹ ṣe gbé ìyá wa, Ọlọ́run yóò fi ọmọ rere gbé yín. Ẹ̀yin kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, "ẹ" ni mo fi ń kí yín, kí ẹnikẹ́ni má bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì, oòrùn yọ bí ẹni pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yìnyín ń yọ́ látorí òrùlé bí òjò, iná dé lọ́sàn-án, Rósà náà sì dé. Ó dì mọ́ mi. Nígbà tó máa fi di Sátidé, ooru ti tún mú, mo rí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé tó ń fọ mọ́tò. Ìyá pè wá sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Àgbàdo lílọ̀ ni, ẹran wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi háríhá àgbàdo pọ́n ọn sè. Tàmálè ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Níbi tí a ti ń jẹun ni ìyá ti ní kí Rósà bi mí pé ta ló ń dúró ti ìyá tèmi. Mo ní àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ní ìyẹn dára, kí Ọlọ́run bù kún wọn. Ó tún ní kí Rósà bi mí ìgbà tí ìyá mi fojú rí mi gbẹ̀yìn.

Màámi, mo wo Kúnlé, Kúnlé wo àwo oúnjẹ. A ti ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí a gòkè padà, Kúnlé ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí n mú pásípọ́ọ̀tù wa wá.

Lẹ́yìn Àjíǹde la máa dé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ má se nǹkan kan dè wá, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ ṣáà jókòó sílé kí n bá yín níbẹ̀.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ mọ́, egungun yín yóò le. Ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́, a ó sì fi ayọ̀ rí ara wa lójúkojú. Ìyá Ofélíà ní kí n kí yín, ó ní ẹ kú ọmọ. Ẹ bá wa kí gbogbo ojúlé ní Ìsẹ́yìn, àtàgbà àtọmọdé.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé,
Mojísọ́lá