Ìnujú Dúdú

Bàbá mi,

Ara mi le, oúnjẹ sì ń tó wa níbí ní Ìráàkì. Ẹ̀yìn àgọ́ wa ni kòtò tí a ti ń sun pàǹtí ibùdó wà. Ike, bátìrì, táyà, gbogbo ẹ̀ là ń da epo lé, tí a ń ṣáná sí. Èmi ni iṣẹ́ náà kàn lóṣù yìí.

A sáré ìdánwò máìlì méjì láàárọ̀ àná, èmi tí mo máa ń ṣáájú ni mo kẹ́yìn. Mireles tí a jọ ń sùn nínú àgọ́ ní, "Baba àgbà, ṣé kí n pọ̀n ẹ́ ni?" Ikọ́ ni kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Dókítà ní eruku lásán ni, ká máa mu omi.

Mo mọ̀ pé nítorí kí n má baà wa èédú bíi tiyín ni mo ṣe wọṣẹ́ ológun. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìnujú funfun tí Màmá fi ránṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ra dúdú, irú èyí tí ẹ̀yin awakùsà ń kó sápò, tí Màmá fọ̀ fún ogún ọdún tí wọn ò rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dúdú tó wà lára ẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ti sanra.

Ọmọ yín,
Darrell