Èmi Ni Mo Ń Yà Lọ́nà fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta tẹ́tẹ́ níbi iṣẹ́ mi, èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí n má jẹ́ kó wọlé ni mo ń jẹ́ kó wọlé. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Ádímínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, àwọn ará Agbonou, àdúgbò wa nílé, wà lórí péèjì yìí. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn... ó ti rẹ̀ mí, mo sùn, mo jí, ó ṣì ń rẹ̀ mí.

Ibùdókọ̀ Atakpamé, ìlú wa ní Togo, ni mo ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ohun kan tí Ọlọ́run fún mi ni pé bí mo bá rí ojú èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ó parí, n kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n jí báàgì èrò ọkọ̀ kan, mo nawọ́ sí olè náà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, àṣé ọ̀gá kàsínò kan ní Lomé ló ni báàgì. Ó ní kí n wá bá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ mi ni kí n dá àwọn tí wọn kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ padà: àwọn oníjà, àwọn oníjìbìtì, àti àwọn tí ẹbí wọn fúnra wọn mú fótò wọn wá pé ẹ gbà wá, ẹ má jẹ́ kó wọlé mọ́. Gbogbo fótò wọn ló wà lára ògiri nínú yàrá àwa òṣìṣẹ́.

Ìyàwó mi ní kí n máa lọ, pé owó ibẹ̀ pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ Lomé ń gbà á padà lọ́wọ́ mi ni. Onílé gba owó ọ̀pọ̀ oṣù sílẹ̀ kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan ní ìpẹ̀kun Agoè, ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń pe owó bí ẹni pé mo fẹ́ ra ọ̀kadà náà. Omi, rírà ni. Ata tí wọ́n máa ń bù fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, rírà ni. Èdè Mina tí wọ́n ń sọ, ìdajì ni mo ń gbọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ Ifẹ̀, èdè ilé tèmi. Ìdúró ni iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹsẹ̀ mi ń wú, mo sì ń fi ọ̀sán sùn lábẹ́ páànù gbígbóná. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ṣì wà nílé, n kò lówó tí n óò fi kó wọn wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Fofo là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí bàbá wa kú, Fofo ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó mú ọkọ́ kí èmi lè dé kọlẹ́ẹ̀jì. Òun ni olórí ilé wa báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ni oko igi tíìkì tí bàbá gbìn fún gbogbo wa wà. Ó wá kí mi ní Lomé, ó gbé iṣu wá. Èmi alágbèéré, mo mú un wọ inú kàsínò kó lè rí i pé ibi tó tutù ni àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní ohun mímu, wọ́n ní kó ta díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì jẹ! Ẹ gbọ́ mi, ó jẹ lọ́jọ́ náà... ká ní ó pàdánù ni, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ì bá wà nílẹ̀?

Láti ìgbà náà ló ti ń wá. Nílé, á ní òun ń lọ rí àwọn tó fẹ́ ra igi. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ó wọkọ̀ wá bá mi, ó fún mi ní fótò ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Fótò ìgbéyàwó tèmi ló gé. Ó gé èmi kúrò, àmọ́ ọwọ́ mi ṣì kù ní èjìká Fofo. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Kò pẹ́ tí Fofo tún dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù dúdú mi. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó tún kọ́là mi ṣe bó ṣe máa ń ṣe é nígbà tí mo ń lọ sílé-ìwé, ó ní, “Àbúrò, o ti rù o.” Báwo ni n óò ṣe ní kí ó padà? Níṣojú àwọn àjèjì? Mo yà fún un. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó ti wọlé lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá rí i, ó pè mí, ó ní ṣé n kò mọ ọkùnrin yìí ni? Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ojú tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé lẹ́yìn ti ìyá mi! Ọ̀gá gbà mí gbọ́, ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n máa lọ sílé. Ìyàwó Fofo náà pè mí lórí fóònù, ó ń béèrè bóyá ọkọ òun ṣì ń wá. Mo ní kò wá mọ́. Obìnrin náà dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi.

Ìyàwó mi ní wọ́n ti gé apá kan oko tíìkì náà tà. Èyí tó kù ni ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ tèmi. Bí mo bá dá a padà, ìtìjú rẹ̀ á dé ilé kó tó dé, wọn á ní ẹni tó tọ́ mi ni mo lé bí ajá. Bí n kò bá dá a padà, iṣẹ́ lọ, oko lọ, Fofo fúnra rẹ̀ lọ. Ṣé kí n kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Ẹlòmíràn tí kò mọ ojú rẹ̀ ló máa dúró níbẹ̀ nígbà náà. Ṣé kí n sọ fún àwọn àgbà ilé? Ṣé kí n bá a jókòó kí n sì sunkún níwájú rẹ̀?

Láàárọ̀ yìí ló ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, pé ilé ìtura ti wọ́n jù, ṣé òun lè sùn lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin ará, mo ti ra ẹní fún un. Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá jí lórí ẹní mi tó wẹ̀ tó múra, kí ni kí n sọ fún un?