Hóró Oògùn Tí O Fi Ṣíbí Rún

                                        Fúláàtì 24, Àjà Kẹta,
                                        Gascoigne Estate,
                                        Barking,
                                        London.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Àbúrò mi Moṣọpẹ́,

Má wulẹ̀ wá "ọ̀wọ́n" lẹ́yìn orúkọ rẹ, mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣé ara rẹ le? Bàbá Mìdé ńkọ́, ṣé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wà ò mú ẹ̀yìn máa dùn wọ́n jù? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo kí gbogbo yín, torí pé bí inú ṣe ń bí mi tó, ilé tí wọ́n ti kọ́ mi ni pé a kì í torí ìbínú má kíni. Ara tèmi le, àfi orúnkún. Ara Màmá ti ń yá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kì í ṣe fún ọ.

Láti Gascoigne dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Eastbury, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni. Mo lè wá. Fóònù náà wà lọ́wọ́ mi, o sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá láti ọjọ́ Àìkú. Mi ò gbé e torí pé mo mọ ẹnu mi. Bí mo bá gbé e, èébú ni màá bú, wàá bú sẹ́kún, màá ní kí o dákẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ láìjẹ́ pé o gbọ́ nǹkan kan. Inú ìwé, o ò lè fi ẹkún dá mi lẹ́nu dúró. Jókòó kí o kà á.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni mo fi lọ tún òrùlé ilé Bàbá wa ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ mẹ́fà! Mo mú Màmá wá bá ọ pẹ̀lú báàgì aṣọ wọn àti ike oníhò méje tí mo ti to oògùn wọn sí, ihò kan fún ọjọ́ kan. O mọ bí ìtọ̀ ṣe yọ wọ́n lẹ́nu lọ́dún tó kọjá. Kí wọ́n tó dìde lórí àga, ó ti ń já bọ́. Wọn ò lè jókòó nílé ìsìn fún wákàtí kan, ojú sì ń tì wọ́n nínú sùtánà funfun. Dókítà ní àpò ìtọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ó fún wọn ní oògùn, hóró kan láràárọ̀. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Màmá tún ń jó lọ síbi ọrẹ.

Hóró yẹn, wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ẹsẹ̀ mi kan ti wà níta: odidi ni kí wọ́n gbé e mì. O ní o ti gbọ́. Kí lo wá ṣe? Màmá ní ó ń há àwọn lọ́fun, ni o bá mú ṣíbí méjì, o rún un, o bu ṣúgà sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń rún oògùn ibà fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Oògùn tó yẹ kí ara fi odidi ọjọ́ kan lò, o dà á sí wọn nínú lẹ́ẹ̀kan náà. O gbàgbé ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o sì rún méjì pọ̀ ní Ọjọ́rú kó lè pé. Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? Èyí tí èèyàn bá gbàgbé di ọjọ́ kejì, ńṣe là ń fò ó!

Ìyẹn náà ò tó ọ. Imú Màmá ń ṣomi, ni o bá fún wọn ní oògùn òtútù tó ń múni sùn, èyí tí Bàbá Mìdé ń lò, láìbi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Habeebullah, ọ̀dọ́mọkùnrin kẹ́míìsì tí wọ́n bí síbí, tó ń ta oògùn fún wa ní Abbey, ó gbá orí mú. Ó ní, "Aunty, those two together? At seventy-nine? Ah-ah, ẹ bá ti call mi now." Ó ní iṣẹ́ kan náà ni oògùn méjèèjì ń ṣe nínú ara, wọ́n á mú arúgbó gbẹ láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á sì kó bá ọpọlọ rẹ̀. Yorùbá ọmọ yẹn ò jọ nǹkan kan, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ ju tìrẹ lọ.

Bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹnu Màmá gbẹ. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Ìgbẹ́ dúró, ìtọ̀ dúró. Wọ́n ń ṣa ohun tí kò sí lórí aṣọ wọn, wọ́n ń bá Bàbá wa tó ti kú láti ọdún mẹ́rìnlá sọ̀rọ̀. O ò mọ̀ pé oògùn ni. Ó dáa, kò sí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n dípò kí o pe dókítà, o pe Abíọ́lá, aríran ìjọ wa! Abíọ́lá wọlé tòun ti sùtánà àti àbẹ́là, ó wo Màmá, ó ní, "Jésù! Sister Moṣọpẹ́, this is deep o. Màmá ti wọnú ẹ̀mí. Gbé bíró!" O sì gbé bíró. Ọjọ́ méjì gbáko lo fi jókòó ti ìyá tó bí ọ, tí ò ń kọ ìran sílẹ̀.

Má sọ pé mo ń tàbùkù sí ìjọ. Inú ìjọ kan náà la ti dàgbà, èmi náà ti kọ ìran sílẹ̀ rí, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìwọ ò rí ikùn tó wú? O ò rí ètè tó là yánnayànna?

Mo ti pápákọ̀ òfuurufú bọ́ sílé rẹ lọ́sàn-án Sátidé, mo bá ẹ̀yin obìnrin mẹ́rin ní pálọ̀, ẹ ń kọrin. Mo fọwọ́ kan ikùn Màmá, ó le gbagidi. Èmi ni mo pe 999 fún áḿbúláǹsì. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fi rọ́bà fa ìtọ̀ lára wọn. Lítà kan ààbọ̀, Moṣọpẹ́. Mo dúró, mò ń wo àpò náà bó ṣe ń kún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú gbogbo èèyàn. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, kíndìnrín wọn ì bá bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni iyè wọn fi padà bọ̀ sípò. Nígbà tí o wá, mo lé ọ padà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mi ò tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún máa bínú lọ. Ara páálí oògùn yẹn ni kẹ́míìsì lẹ ìwé mọ́ pé a ò gbọdọ̀ rún un, a ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lẹ́nu. Èmi ni mo kó hóró rẹ̀ sínú ike, tí mo sọ páálí nù, torí kí báàgì lè fúyẹ́. Mo ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo fi ẹnu mi sọ ọ́ fún ọ.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún mi, mi ò sì ní lè tọ́jú ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí n bẹ kánsù fún olùtọ́jú. Màmá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Moṣọpẹ́ làwọn ń lọ. Mo jà títí, mo rò ó fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Wọ́n ní ọmọ méjì làwọn bí, àwọn ò ní sọ ọ̀kan nù. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ náà ni ẹ̀mí wọn tún ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Dókítà ti dá oògùn yẹn dúró, ó ti fún wọn ní òmíràn. Páálí rẹ̀ gan-an ni màá gbé lé ọ lọ́wọ́, kí o ka ara rẹ̀. Tí ó bá há wọn lọ́fun, má fọwọ́ kan ṣíbí; lọ bá Habeebullah, kó sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kí o tó fún wọn ní ohunkóhun mìíràn, ì báà ṣe ti òtútù, ti oorun tàbí àgbo Abíọ́lá, bi í léèrè. Jẹ́ kí wọ́n máa mu omi, má ṣe torí ìtọ̀ fi òùngbẹ pa wọ́n. Bí wọn ò bá sì rí ìtọ̀ tọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn bá yí padà lójijì, má dúró gbọ́ ìtumọ̀. Pe 999, kí o máa gbàdúrà rẹ nínú áḿbúláǹsì.

Ìwé ìran rẹ wà nínú àpòòwé yìí, inú báàgì Màmá ni mo ti bá a. Ṣí ojú ewé kẹrin. Ọ̀rọ̀ wọn lo fi búlúù kọ: "Ẹ ṣílẹ̀kùn omi. Ó ti kún. Ẹ ṣí i fún mi." Abíọ́lá wá fi bíró pupa túmọ̀ rẹ̀ pé ìbùkún ti kún fún ilé yín, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ́ ṣí. Àpò ìtọ̀ ló kún, ẹ̀yin aríran! Lójú ewé karùn-ún, "Ọ̀fun mi gbẹ, ẹ bu omi fún mi," ẹ̀ẹ̀mẹfà lo kọ ọ́, o tiẹ̀ fi rúlà fàlà sí i nísàlẹ̀.

Wọ́n ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Òsì ṣì ni èyí o. Bá mi kí Bàbá Mìdé àti àwọn ọmọ. Má bá mi kí Abíọ́lá, èmi fúnra mi ni màá kí i, tí orúnkún mi bá ti san.

Lánàá, Màmá ní kí n fún àwọn ní bíró. Wọ́n fi ìkọ̀wé gàdàgbà tí wọ́n kọ́ nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà kọ ìlà kan sí ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé ìran náà. Wọ́n ní kí n má kà á. Mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Moṣọpẹ́ mi ọ̀wọ́n, omi ni mò ń tọrọ, ìwọ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀."

Inú ìbáà máa bí mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ni mí,

Wúrà.