Bọ́tìnnì Mi Kò Lẹ́sẹ̀

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, ọ̀gá aṣàwárí ilẹ̀ tuntun,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ yín wà lórí sítóòfù. Ẹni tó rí erékùṣù mẹ́ta nírọ̀lẹ́ àná kò ní ṣàì rí ìkòkò kan nínú ilé ara rẹ̀.

Géèmù orí páálí tuntun yín dùn o, àfi pé òfin rẹ̀ gùn ju ìrìn àjò inú rẹ̀ lọ. Ẹ ní ọkọ̀ ojú omi kékeré tèmi kò bá a wá, kí n máa fi bọ́tìnnì rọ́pò rẹ̀. Mo gbà, télọ̀ kúkú ni mí. Àṣé bọ́tìnnì ni yóò kọ́kọ́ dé erékùṣù wúrà! Lójú ẹsẹ̀ ni oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yín, ẹ ní ká fi ìyókù sílẹ̀ di òní.

Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí, bọ́tìnnì mi ti padà sí èbúté tó ti gbéra. Atẹ́gùn ló gbé e, àbí? Fèrèsé wà ní títì. Àgbàlagbà, màgòmágó!

Mi ò bá yín jà. Mo ti dá a padà sí erékùṣù rẹ̀, mo sì ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú ìlọ́po méjì rán an mọ́ páálí náà.

Ẹ tètè dé láti ibi iṣẹ́. Èmi ló kàn.